Ẹ̀ẹ̀melòó Ni Ọkọ̀ Tuntun Yóò Padà sí Ṣọ́ọ̀bù? Ìtàn Òfin Ọjà Títà àti Àléébù Tí Kò Lọ

Ìfáárà

Nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ rìsíìtì tí àwọn oníṣòwò ń já fún oníbàárà ní Nàìjíríà ni gbólóhùn kan máa ń wà tí ó ń sọ pé ọjà tí ènìyàn bá ti rà ní pípé, kò gbọdọ̀ dá a padà mọ́. Gbólóhùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ṣòro: ojú ni ènìyàn fi ń rajà, ẹni tí ó bá sì rajà láìyẹ̀ ẹ́ wò, ara rẹ̀ ni kí ó dá lẹ́bi. Ní ti iṣu, aṣọ tàbí ewúrẹ́, ìlànà yìí bá ọgbọ́n mu. Ẹni tí ó fẹ́ ra iṣu lè yí i síwá sẹ́yìn bóyá ó ti ń rà. Ẹni tí ó fẹ́ ra aṣọ lè tẹ́ ẹ sójú oòrùn. Ẹni tí ó fẹ́ ra ewúrẹ́ lè ya ẹnu rẹ̀ wo eyín.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í ṣe iṣu. Àléébù tí ó bá wà nínú ẹ́ńjìnnì tàbí jíà kì í hàn sójú. Ìgbà tí ọkọ̀ bá rìn ni ó tó ń yọrí síta. Ọkọ̀ tuntun tún ní ìṣòro tirẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti àlòkù. Ẹni tí ó ra àlòkù mọ̀ pé ohun tí ẹlòmíràn ti lò ni òun rà; ẹni tí ó ra tuntun san owó gọbọi nítorí pé ìbàlẹ̀ ọkàn ni ó ń wá. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá ń ṣe àìsàn kan náà léraléra, tí wọ́n tún un ṣe lónìí tí ó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ìbéèrè ńlá kan délẹ̀: ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹni tí ó ni ín yóò gbé e padà lọ kí ó tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n dá owó òun padà?

Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìdáhùn tí òfin ti fún ìbéèrè náà, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Amẹ́ríkà, títí tí ó fi kan Nàìjíríà tí ó jogún òfin ọjà títà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ẹ̀tọ́ tí kò ní òǹkà kì í pẹ́ di àríyànjiyàn. Ìgbà tí àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà àti iye ọjọ́ ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ra ọkọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Òfin Ọdún 1893 àti Ogún Nàìjíríà

Ní ọdún 1893 ni ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe Òfin Ọjà Títà tí Mackenzie Chalmers kọ ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ Chalmers ni láti kó ìdájọ́ àwọn adájọ́ àtijọ́ jọ sójú kan. Òfin náà kò fi gbogbo ẹrù lé oníbàárà lórí. Ó sọ pé bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ẹni tí ó tajà ni láti máa ta irú ọjà bẹ́ẹ̀, òfin fúnra rẹ̀ fi àdéhùn kún àdéhùn wọn, bí ẹnu kò tilẹ̀ sọ ọ́: ọjà náà gbọ́dọ̀ yẹ ní títà, ó sì gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí oníbàárà sọ pé òun fẹ́ fi ṣe. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè kọ̀ ọ́, kí ó sì gba owó rẹ̀.

Àmọ́ ihò méjì wà nínú òfin náà. Èkíní ni pé ó gba olùtajà láyè láti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí kò sí nínú ọjà tí òun tà. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìtẹ́wọ́gbà. Nínú òfin, gbígba ọjà yàtọ̀ sí títẹ́wọ́ gbà á. Ẹni tí wọ́n gbé ọkọ̀ fún ti gbà á, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́wọ́ gbà á títí tí yóò fi ní àǹfààní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tí ó bá ti tẹ́wọ́ gbà á, ẹ̀tọ́ àtikọ̀ ọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kìkì owó ìtanràn ni ó kù tí ó lè bèèrè. Òfin sì sọ pé bí oníbàárà bá fi ọjà sọ́wọ́ fún àkókò tí ó tó láìsọ nǹkan kan, ó ti tẹ́wọ́ gbà á nìyẹn. Kí ni àkókò tí ó tó? Òfin kò dárúkọ ọjọ́. Ó fi í sílẹ̀ fún adájọ́ kọ̀ọ̀kan.

Òfin yìí ni ó wọ Nàìjíríà. Ìlànà tí ìjọba amúnisìn fi lélẹ̀ ni pé àwọn òfin gbogboogbòò tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òfin ọdún 1893 sì wà lára wọn. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe Òfin Ọjà Títà tirẹ̀, tí ó wà nínú àkójọ òfin ẹkùn náà ti ọdún 1959, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1965 lórí rírà tí ènìyàn ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fi hàn pé àwọn aṣòfin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yàtọ̀. Òfin náà fi ààlà sí iye owó ọjà tí ó kàn, ṣùgbọ́n kò fi ààlà kankan sí ti ọkọ̀: iye yòówù kí ọkọ̀ jẹ́, òfin náà kàn án. Síbẹ̀, kò sọ iye ìgbà tí ènìyàn yóò fi ara da àtúnṣe.

Ìdájọ́ méjì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1987 fi hàn bí àìlóǹkà yìí ṣe lè dà bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Nínú èkíní, ọkùnrin kan ra Nissan tuntun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ọkọ̀ náà kò tíì rìn ju nǹkan bí 140 máìlì lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákú lójú títì márosẹ̀. Ìdọ̀tí kan tí ó há sínú ojú ọ̀nà òróró láti ilé-iṣẹ́ ni ó fà á. Adájọ́ gbà pé ọkọ̀ náà kò yẹ ní títà, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pẹ́ jù, ọkùnrin náà ti tẹ́wọ́ gbà á. Bẹ́ẹ̀ àìsàn dá ọkùnrin náà dúró nínú díẹ̀ lára ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Nínú ẹjọ́ kejì, Range Rover tuntun ni wọ́n rà. Èkíní kò dára, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì náà tún kún fún àléébù lára ẹ́ńjìnnì, jíà àti ara ọkọ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń tún un ṣe, ó sì ti rìn ju 5,000 máìlì lọ kí ẹni tí ó rà á tó kọ̀ ọ́. Adájọ́ àkọ́kọ́ sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ó ṣeé wà, ó yẹ ní títà. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní ẹni tí ó ra ọkọ̀ tuntun kò ra ohun tí ó kàn ń gbé ènìyàn láti ibì kan dé ibòmíràn nìkan; ó ra ìrọ̀rùn, ìgbẹ́kẹ̀lé, àti ìyangàn pẹ̀lú. Ẹni tí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pàdánù ẹ̀tọ́ àtikọ̀. Ẹni tí ó lo oṣù mẹ́fà jàre, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìtẹ́wọ́gbà kò sí lára ohun tí wọ́n dá ẹjọ́ tirẹ̀ lé. Agbẹjọ́rò wo ni ó lè fi irú òfin bẹ́ẹ̀ gba oníbàárà nímọ̀ràn pẹ̀lú ìdánilójú?

Amẹ́ríkà: Láti Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Onígi dé Lẹ́tà Wínníwínní

Ìdènà mìíràn tún wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ́kọ́ ní láti bì ṣubú. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ kì í bá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ṣe àdéhùn. Ọwọ́ olùtajà ni ó ti rà á. Òfin àtijọ́ sì sọ pé ẹni tí kò bá sí nínú àdéhùn kò lè fi àdéhùn náà pẹjọ́. Ní ọdún 1916, nínú ẹjọ́ MacPherson àti ilé-iṣẹ́ Buick ní ìpínlẹ̀ New York, ẹsẹ̀ ọkọ̀ onígi fọ́ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ dànù, ó sì pa ẹni tí ó ni ín lára. Adájọ́ Benjamin Cardozo sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá ṣe ohun tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá bí kò bá dára, ó jẹ gbèsè ìṣọ́ra fún ẹni tí yóò lò ó, ìbáà jẹ́ pé wọn kò bá ara wọn dúnàádúrà rí.

Ìdájọ́ náà gba ẹni tí ó farapa. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kàn ń dákú lójoojúmọ́ láìpa á lára ṣì wà níta. Ohun tí ó dojú kọ òun ni ìwé ìdánilójú tí àwọn ènìyàn ń pè ní wáráńtì. Orúkọ ìwé náà dùn létí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ bí kò ṣe láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ Henningsen, tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní ìpínlẹ̀ New Jersey dá ní ọdún 1960, tú àṣírí èyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1955, ọkùnrin kan ra Plymouth tuntun fún ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀bùn Ọjọ́ Ìyá. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n gbé e wálé, nígbà tí ó ti rìn 468 máìlì, ìyàwó gbọ́ ariwo ńlá lábẹ́ ọkọ̀, ìdarí ọkọ̀ yí mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì lọ kọ lu ògiri. Lẹ́yìn ìwé àdéhùn, ní lẹ́tà wínníwínní, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ohun kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ yóò ṣe ni kí ó pààrọ̀ ẹ̀yà tí ó bàjẹ́ láàárín 90 ọjọ́ tàbí 4,000 máìlì.

Ilé-ẹjọ́ kọ ìwé náà. Ohun tí ó wúwo jù nínú àlàyé àwọn adájọ́ ni pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń ṣe ọkọ̀ nígbà náà ló ń lo ìwé kan náà. Oníbàárà kò lè sá fún un lọ́dọ̀ ẹnì kan kí ó má bá a lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àdéhùn tí kò sí ibi tí ènìyàn lè sá sí kì í ṣe àdéhùn mọ́.

Ní ọdún 1968, ní New Jersey kan náà, ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ Chevrolet kan tí kò rìn tó máìlì kan láti ilé-ìtajà kí jíà rẹ̀ tó bàjẹ́. Ọkọ ìyá náà tí ó ń wà á lọ sílé sáré dá sọ̀wédowó tí ó fi san owó dúró. Olùtajà ní òun ti yọ jíà mọ́tò mìíràn fi dí i, nítorí náà ọ̀rọ̀ parí. Ilé-ẹjọ́ kò gbà fún un. Ó ní ìbàlẹ̀ ọkàn wà lára ohun tí ènìyàn ń san owó fún nínú ọkọ̀ tuntun. Bí ìgbẹ́kẹ̀lé náà bá ti mì, kì í ṣe gbogbo àtúnṣe ni ó lè dá a padà. Òfin Amẹ́ríkà fún olùtajà ní àǹfààní láti tún ọjà rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n àǹfààní náà ní ibi tí ó pin sí. Ibo gan-an ni? Ìdájọ́ náà kò fi iye sí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 1975, Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí òfin wáráńtì ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n fi orúkọ àwọn aṣòfin méjì, Warren Magnuson àti John Moss, pè. Ó jẹ́ kí oníbàárà tí ó jàre lè gba owó agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ó tún sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá fúnni ní wáráńtì kíkún gbọ́dọ̀ dá owó padà tàbí pààrọ̀ ọjà bí àtúnṣe ìgbà mélòó kan tí ó mọ́gbọ́n wá kò bá yanjú àléébù. Ṣùgbọ́n wáráńtì oníwọ̀n ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ yàn láti máa fúnni, èyí tí apá yìí nínú òfin kò kàn. Bí ó tilẹ̀ kàn wọ́n, ìgbà mélòó ni "ìgbà mélòó kan"?

Òfin Ọsàn Kíkan

Ní Amẹ́ríkà, ọjà tí ó dán lójú tí inú rẹ̀ kò dára ni wọ́n ń pè ní ọsàn kíkan. Ní ọdún 1970, onímọ̀ ọrọ̀-ajé George Akerlof kọ àròkọ kan lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù, ó sì fi ọsàn yìí ṣe àkọlé rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí olùtajà nìkan bá mọ àléébù ọjà tí oníbàárà kò mọ̀ ọ́n, ọjà burúkú yóò lé ọjà rere kúrò lórí àtẹ, nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ san owó ohun rere fún ohun tí kò dá a lójú. Àròkọ náà wà lára ohun tí ó mú kí ó pín nínú ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001.

Ìpínlẹ̀ Connecticut ni ó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tuntun. John Woodcock, tí ó jẹ́ ọmọ ilé aṣòfin níbẹ̀, ni ó gbé àbá òfin náà kalẹ̀. Òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1982. Ìlànà rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Bí wọ́n bá ti tún àléébù kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò lọ, tàbí bí ọkọ̀ bá ti lo ọgbọ̀n ọjọ́ lápapọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, òfin yóò kà á sí pé ilé-iṣẹ́ ti ní àǹfààní tí ó tó. Láti ibẹ̀ lọ, ilé-iṣẹ́ ni yóò máa wá àwíjàre. Ó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọkọ̀ tàbí kí ó dá owó padà, lẹ́yìn tí ó bá yọ iye tí oníbàárà ti jẹ nínú lílò rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ California ṣe irú òfin yìí ní ọdún kan náà, New York tẹ̀ lé e ní ọdún 1983, títí tí gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà fi ní tiwọn. Òǹkà wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń kà. Ní ọdún 1984, Connecticut tún fi ìgbésẹ̀ mìíràn kún un. Wọ́n ti rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ onílàjà ni ó jẹ́ pé àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ló dá wọn sílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ wá gbé ètò ìlàjà tirẹ̀ kalẹ̀, kí oníbàárà má baà máa gbé ẹjọ́ ológbò lọ sílé ológbò.

Nọ́ńbà yìí tún yí ìwà àwọn ènìyàn padà. Ní àtijọ́, ìwé tí mẹkáníìkì kọ nígbà tí ó tún ọkọ̀ ṣe kì í ju bébà lásán lọ. Lábẹ́ òfin tuntun, ìwé náà di ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá ní ìwé mẹ́rin tí ó dárúkọ àléébù kan náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ọkọ̀ wọlé àti ọjọ́ tí ó jáde, ti ní ẹjọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá gba ìwé, bí ó tilẹ̀ lọ nígbà mẹ́wàá, ẹnu lásán ni yóò fi rò ó.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn náà kọ́ láti máa ka ọjọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún òfin rẹ̀ ṣe ní ọdún 1973 kí olùtajà má lè fi ìwé àdéhùn gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ oníbàárà mọ́. Ní ọdún 1994, ó sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí ó gbà kí wọ́n tún ọjà òun ṣe kò tipa bẹ́ẹ̀ tẹ́wọ́ gbà á. Ní ọdún 2015, ó fi òǹkà sí i: ọgbọ̀n ọjọ́ ni oníbàárà ní láti kọ ọjà tí ó ní àléébù pátápátá, lẹ́yìn ìyẹn, bí àtúnṣe kan ṣoṣo bá kùnà, ó lè kọ̀ ọ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ọdún 2008 fún oníbàárà ní oṣù mẹ́fà láti dá ọjà alábùkù padà. Bí wọ́n bá sì tún un ṣe tí àléébù tún yọjú láàárín oṣù mẹ́ta, pípààrọ̀ tàbí dídá owó padà ni ó kù.

Nàìjíríà: Òfin Wà, Òǹkà Ńkọ́?

Ní gbogbo ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tún ilé wọn kọ́, inú ògbólógbòó ilé náà ni Nàìjíríà ṣì ń gbé. Ní ọdún 1992, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀. Òfin tí ó rọ́pò rẹ̀ ni èyí tí ó ń jẹ́ ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2019. Òfin yìí sọ ọ́ kedere pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, tí kò ní àléébù, tí yóò sì tọ́ fún ìwọ̀n àkókò tí ó yẹ. Àjọ tí ó dá sílẹ̀ sì ti kéde pé gbólóhùn ìsàlẹ̀ rìsíìtì, èyí tí ó ní ọjà tí ènìyàn ti rà kò ṣeé dá padà, kò bá òfin mu.

Ìlọsíwájú ńlá ni èyí. Oníbàárà tí ọkọ̀ tuntun rẹ̀ kò yé dákú kò ní láti gbára lé òfin ọdún 1893 nìkan mọ́. Ó lè kọ́kọ́ kọ̀wé sí olùtajà, kí ó mú ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ àjọ náà, kí ó sì gba ilé-ẹjọ́ lọ bí kò bá rí ìtura. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò tíì ní òfin tí ó dá dúró fún ọkọ̀ tuntun, irú ti Connecticut, tí yóò sọ pé ìgbà báyìí tàbí ọjọ́ báyìí ni àtúnṣe ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan àwọn tí kò ra tuntun rí. Tokunbo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí ń wọ Nàìjíríà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ bá gbà padà lábẹ́ Òfin Ọsàn Kíkan kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wó. Wọ́n lè tún un tà, bí wọ́n bá ti fi àmì sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí ẹni tí yóò rà á lè mọ̀. Orí ìwé ni àmì náà sábà máa ń wà. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu tàbí ti Èkó, ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó yẹ kí òun bèèrè ìwé náà ti tún padà sí ìgbà tí ó jẹ́ pé ojú nìkan ni ènìyàn fi ń rajà.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí ó wà lókè yìí gba nǹkan bí ọgọ́fà ọdún kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òfin béèrè pé kí oníbàárà ní ojú tí ó mú. Nígbà tí ẹ̀rọ dé tí ojú kò tó o mọ́, ó béèrè pé kí olùtajà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Nígbà tí ìlérí di lẹ́tà wínníwínní, àwọn adájọ́ fa ìwé náà ya. Nígbà tí ọ̀rọ̀ adájọ́ kan kò bá ti èkejì dọ́gba, àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni ó rọrùn jù lójú, òun ni ó sì pẹ́ jù kí ó tó dé. "Àkókò tí ó tó" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ńlá lè fi ọdún mẹ́ta jà lé lórí. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́, awakọ̀ tàbí ìyá ọlọ́jà lè fi ìka ọwọ́ kà. Títí di ọjọ́ tí àwọn aṣòfin Nàìjíríà yóò fi dárúkọ iye tiwọn, ààbò tí ó wà nítòsí fún ẹni tí ó ra ọkọ̀ tuntun ni kí ó máa gba ìwé ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kí ó rí i pé wọ́n kọ àléébù náà sí i bí ó ti sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, kí ó sì tètè fi ìwé kéde àìtẹ́lọ́rùn rẹ̀. Òfin lè má tíì ka iye ìgbà náà fún un. Kí òun fúnra rẹ̀ máa kà á.